Nígbà tí Wàhálà bá dé bá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ọsirélíà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

ELICOS ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti òkè òkun sí Ọsirélíà. English Australia ni ẹgbẹ́ tó ń ṣojú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà níwájú ìjọba. Ohun tó máa ń dojú rú mọ́ àwọn alákòóso lọ́wọ́ jù la kó jọ síbí.

Ìbéèrè: ASQA, àjọ ìjọba tó ń ṣàyẹ̀wò àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì, ṣàbẹ̀wò sí wa, wọ́n sì rí àṣìṣe. Owó ẹgbẹ́ wa pé. Kí ló dé tí English Australia ò lè bá wa wọ́gi lé e?

Agbára ìyẹn ò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ́ ló ń fúnni níwèé àṣẹ, kò sì lè gbà á lọ́wọ́ ẹni. ASQA ló wà nídìí ìyẹn fún ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni. TEQSA, àjọ ìjọba tó wà fún ilé ẹ̀kọ́ gíga, ló ń mójú tó àwọn tó so mọ́ yunifásítì. Ẹ má fi ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti fèsì ṣòfò sórí lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Ẹ mú ìwé tí ASQA kọ, ẹ fa ìlà sábẹ́ nọ́ńbà òfin tí wọ́n tọ́ka sí, kí ẹ wá bi àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ bí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn ṣe ń tẹ̀ lé òfin yẹn gan-an. Bó bá jẹ́ pé òfin náà fúnra rẹ̀ ló ń ni ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì lára, ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ lè gbé dé iwájú ìjọba nìyẹn.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan ń wá lójoojúmọ́, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ní wíwá rẹ̀ ti ń sún mọ́ 80%. Ṣé ẹ̀rọ ló ń ṣìṣe ni?

Ẹ kọ́kọ́ wo aago tó ń wọlé. Kíláàsì ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, òun ń dé nígbà tí ìṣẹ́jú 25 ti lọ. Tẹ́ ẹ bá ṣírò rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 12, ìṣẹ́jú yẹn ti di wákàtí 25. Òfin ELICOS ní ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ dín sí wákàtí 20 lọ́sẹ̀, nítorí náà wákàtí 240 ni kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ 12. Ẹni tí kò pa ọjọ́ kankan jẹ ti sọ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá nù.

80% ni ìwọ̀n wíwá tó kéré jù tí òfin gbà, 80% ti 240 sì jẹ́ 192. Wákàtí 48 péré ló lè sọ nù. Tí ìpẹ́lẹ́yìn bá ti jẹ 25 níbẹ̀, ó ku 23. Bí ibà bá dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méje, wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, ó ti já sísàlẹ̀ 80%. Olùkọ́ tó ń fi àánú fa àmì "ó wá" síwájú orúkọ rẹ̀ láràárọ̀ ń bo egbò mọ́lẹ̀ ni, nítorí kò sẹ́ni tó máa tètè kìlọ̀ fún ọmọ náà. Ẹ jẹ́ kí rẹ́jísítà máa gba ìṣẹ́jú tó fi pẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n ń fi wákàtí tó ti kọjá pín wákàtí tó wá. Wákàtí tó sọ nù ni kẹ́ ẹ fi wákàtí gbogbo kọ́ọ̀sì pín, kẹ́ ẹ sì máa wo iye tó kù tó lè sọ nù. Òfin ní kẹ́ ẹ ti bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ kó tó já sísàlẹ̀ 80%. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí lẹ́tà àkọ́kọ́ jáde nígbà tó bá ti sọ wákàtí 24 nù, kí ìpàdé ojúkojú sì wáyé ní 36.

Tó bá já, ẹ kọ̀wé sí i pé ẹ fẹ́ fi tó ìjọba létí. Ó ní ọjọ́ iṣẹ́ 20 láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ́dọ̀ yín. Tí ìyẹn ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, Overseas Students Ombudsman ń gbọ́ ẹjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má fọwọ́ kan PRISMS, ètò orí kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ fi ń ròyìn akẹ́kọ̀ọ́ fún ìjọba, títí ẹjọ́ á fi parí. Ìwé dókítà kì í sọ wákàtí tí kò wá di èyí tó wá. Ìwúlò rẹ̀ ni pé, bí wíwá rẹ̀ kò bá tíì kéré sí 70%, tí ẹ̀rí tòótọ́ sì wà pé ohun tó le ló dé bá a, òfin fàyè gbà yín láti má fi tó ìjọba létí.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ 19 ló wà ní kíláàsì kan, fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Ṣé ó burú?

Ó burú. Akẹ́kọ̀ọ́ 18 sí olùkọ́ kan ni òpin. Ẹ dẹ́kun gbígbà ní 16, kí àyè lè wà fún ẹni tí ìdánwò ọjọ́ àkọ́kọ́ bá gbé sí ìpele mìíràn.

Ìbéèrè: Wọn ò fún akẹ́kọ̀ọ́ ní físà, kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Ìwé àdéhùn wa sọ pé a kì í dá owó padà, èjẹ́ǹtì sì ti gba kọmíṣọ̀n. Èló la máa dá padà?

Òfin ESOS, èyí tó ń dáàbò bo akẹ́kọ̀ọ́ òkè òkun, ju ìwé àdéhùn yín lọ. Ẹ yọ 5% iye tó san tàbí 500 dọ́là Ọsirélíà, èyí tó bá kéré jù, kẹ́ ẹ dá ìyókù padà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tó san 6,000: 5% jẹ́ 300, nítorí náà 5,700 ni tirẹ̀. Ẹni tó san 14,000: 5% jẹ́ 700, ó ti ju 500 lọ, nítorí náà 13,500 ni yóò gbà.

Kọmíṣọ̀n kò kan akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ má yọ ọ́ nínú owó rẹ̀. Àárín ẹ̀yin àti èjẹ́ǹtì nìyẹn, ibi tó sì yẹ kó wà ni ìwé àdéhùn tí òfin ní kẹ́ ẹ bá a ṣe: tí físà kò bá jáde, kọmíṣọ̀n á padà wá. Tàbí kẹ́ ẹ má san án títí akẹ́kọ̀ọ́ á fi jókòó ní kíláàsì.

Ìbéèrè: Owó físà gọbọi, ó sì ń pẹ́. A kọ̀wé sí ẹgbẹ́ títí, a ò rí ìyàtọ̀.

Lẹ́tà tó kàn sọ pé nǹkan le, kò sí bí ẹgbẹ́ ṣe lè gbé e síwájú mínísítà. Ohun tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni tábìlì kan lóṣù: ọjọ́ tí CoE (ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́) jáde, ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè físà, ọjọ́ tí èsì dé, orílẹ̀-èdè rẹ̀, iye ọ̀sẹ̀ kọ́ọ̀sì, iye ẹni tó sá padà àti owó tẹ́ ẹ dá padà. Ẹ yọ orúkọ àti nọ́ńbà ìwé ìrìnnà kúrò.

Ẹ̀hónú tó lágbára jù wà nínú ìṣirò kékeré kan. Ní July 1, 2024, owó físà akẹ́kọ̀ọ́ fò láti 710 dọ́là sí 1,600. Ní July 2025 ó di 2,000. Ẹni tó fẹ́ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀sẹ̀ 10 ń san 200 lórí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó san owó ilé ìwé, 2,000 kan náà sì ni ẹni tó ń lọ ṣe dìgírì ọdún mẹ́ta ń san. Tí nọ́ńbà àwọn tó torí rẹ̀ padà lẹ́yìn yín bá wà nínú tábìlì, ẹgbẹ́ rí nǹkan dì mú.

Ní báyìí ná, ẹni tí kọ́ọ̀sì rẹ̀ kò ju oṣù mẹ́ta lọ lè fi físà àbẹ̀wò kẹ́kọ̀ọ́, físà Working Holiday sì gba oṣù mẹ́rin. Àmọ́ láti July 1, 2024, ẹni tó bá fi físà àbẹ̀wò wọlé kò lè béèrè físà akẹ́kọ̀ọ́ láti inú Ọsirélíà mọ́. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó gbowó, ẹ bi í bóyá ó fẹ́ tẹ̀síwájú lẹ́yìn kọ́ọ̀sì náà, kẹ́ ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.