Bí olùkọ́ ṣe lè pẹ̀tù sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ọkàn rẹ̀ dàrú nínú kíláàsì

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ní ilé-ìwé girama kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ní Àkúrẹ́, ọmọbìnrin kan tó wà ní JSS 2 dìde lójijì láàárín ìdánwò ìṣirò, ó ti tábìlì rẹ̀ ṣubú, ó fa ìwé ìdánwò náà ya, ó sì ń kígbe pé kí gbogbo ayé fi òun sílẹ̀. Olùkọ́ tó ń ṣọ́ ìdánwò náà, tí mo mọ̀ sí ènìyàn jẹ́jẹ́, pariwo mọ́ ọn pé kó kúnlẹ̀ kíákíá, ó sì na ọwọ́ sí pàṣán. Ọmọ náà kò kúnlẹ̀. Ó sá jáde, ó já sí títì, a sì wá a fún bíi wákàtí kan kí a tó rí i níbi tó jókòó sí lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni a tó gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ti kó ẹrù kúrò nílé ní òru ọjọ́ Àìkú. Èmi náà wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó ń sá kọjá, n kò sì mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ohun tí mo ti kọ́ láti ìgbà náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a mọ̀ ni pé ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ti dàrú tán kò lè gbọ́ àlàyé, bó ti wù kí àlàyé náà dára tó. Ohùn wa, ọwọ́ wa àti ibi tí a dúró sí ni ó ń gbọ́. Nígbà tí ẹ̀rù, ìtìjú tàbí ìbínú bá ká ọmọ mọ́, ara rẹ̀ a tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn rẹ̀ a máa lù kìkì, èémí rẹ̀ a kúrú, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ a le bíi ti ẹni tó fẹ́ sáré tàbí tó fẹ́ jà, bẹ́ẹ̀ ni agbára iwájú ọpọlọ, níbi tí a ti ń ro àròjinlẹ̀ tí a sì ti ń kó ara ẹni níjàánu, a dínkù. Apá ọpọlọ yìí gan-an kì í gbó tán títí ènìyàn fi máa ń sún mọ́ ọmọ ọdún 25. Àwọn àgbà wa ti rí i tipẹ́, wọ́n ní ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí a bá wá ń bi ọmọ náà ní àkókò yẹn pé, "Kí ló dé tí o fi ṣe báyìí?", ìbéèrè tí kò lè dáhùn ni a ń bi í. Kódà bí ohun tó dà á láàmú bá ti kọjá, ó lè gba ìṣẹ́jú 20, nígbà mìíràn tó wákàtí kan, kí ara rẹ̀ tó rọlẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ tó dé ojú ẹ̀

Ó ṣọ̀wọ́n kí ọmọ ṣàdédé bú gbàmù. Ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ a dákẹ́, ẹni tó máa ń dákẹ́ a máa wá ìjà, ẹsẹ̀ a máa gbọ̀n lábẹ́ tábìlì, ojú a pọ́n, orí a sì lẹ̀ mọ́ apá. Nínú kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ 60 jókòó sí, ó rọrùn kí a má rí i, nítorí náà mo máa ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ rìn láàárín ìjókòó wọn, pàápàá ní ọjọ́ Ajé àti ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá ń lé àwọn tí kò tíì san owó. Bí mo bá rí àmì, n kì í pe ọmọ náà síwájú kíláàsì. Mo máa ń rán an níṣẹ́. "Bá mi gbé ìwé yìí fún Mà tó wà ní JSS 3, kí o mu omi bí o bá ń bọ̀." Nílẹ̀ wa, ẹni tí àgbà bá rán níṣẹ́, àgbà fọkàn tán an ni. Ọmọ náà á jáde láìsí ìtìjú, á rìn, á fa atẹ́gùn sínú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì ní í fura. Iṣẹ́ kékeré báyìí ti gbà mí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wàhálà ju ìmọ̀ràn gígùn lọ.

Nígbà tó bá ti bú jáde

Ara tiyín ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ fa èémí sínú títí ẹ ó fi ka mẹ́rin lọ́kàn, kí ẹ tú u jáde títí ẹ ó fi ka mẹ́fà, kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó la ẹnu. Bí pàṣán bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e síbi tó jìnnà, kí ọmọ náà rí i pé ẹ gbé e sílẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan gbà pé bí a kò bá na irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àwọn yòókù yóò tẹ̀ lé e. Ohun tí mo rí ní ọ̀pọ̀ ọdún ni pé ẹgba máa ń bu epo sí iná ni, àwọn yòókù a sì kọ́ pé ẹni tó bá ń jìyà ni a máa ń lù. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Oǹdó náà ti sọ di òfin tirẹ̀, sì dáàbò bo iyì ọmọ kúrò lọ́wọ́ ìyà tó ń tàbùkù ẹni.

Ẹ má ṣe dúró gbàgìdì níwájú rẹ̀. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, bí ìwọ̀n apá méjì sí i, kí ọwọ́ yín wà ní ṣíṣí, kí ẹ má sì dí ẹnu ọ̀nà, nítorí ẹni tí kò rí ọ̀nà àbáyọ ni ó máa ń jà jù. Bí ààyè bá wà, ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kí orí yín má bàa ga ju tirẹ̀ lọ. Ó lè ṣòro fún wa, nítorí ọmọdé ni a kọ́ láti rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ fún un ní àkókò yìí pé kó kúnlẹ̀, ẹ má sì ṣe sọ pé kó wo ojú yín. Ilé ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá ń wo àgbà lójú kò lẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá wá tẹjú mọ́ yín ní ìṣẹ́jú yẹn, ẹ má kà á sí àfojúdi, ó ń wò bóyá ẹ fẹ́ lù ú ni.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ èrò ìwòran. Ó sàn kí àwọn yòókù jáde ju kí a máa wọ́ ẹnì kan jáde lọ. Ẹ bá olùkọ́ kíláàsì tó wà nítòsí ṣe àdéhùn ṣáájú, kí ọ̀gá kíláàsì ti mọ̀ pé bí òun bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan pàtó, òun yóò sáré pe olùkọ́ náà, kí ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí pápá tàbí abẹ́ igi. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ fóònù láti ya fídíò.

Ọ̀rọ̀ ẹnu yín kò gbọdọ̀ pọ̀. Ẹ pe orúkọ rẹ̀, kí ohùn yín rẹlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ẹ sọ gbólóhùn kan, kí ẹ dákẹ́. "Bọ́lá, mo rí i pé inú rẹ ń ru. Mo wà níbí. Kò sí ẹni tó máa nà ọ́." Ẹ má ṣe sọ pé, "Ṣé ìwọ nìkan ni?", ẹ má ṣe fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wé e, ẹ má sì ṣe fi bàbá rẹ̀ dẹ́rù bà á. Bí ẹ bá mọ oríkì rẹ̀, tí ẹ sì mọ̀ pé ó fẹ́ràn rẹ̀, ẹ lè fi pè é jẹ́jẹ́: mo ti rí ọmọkùnrin kan ní SS 1 tó di òkúta mú lọ́wọ́, tó sì sọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí olùkọ́ àgbàlagbà kan pè é ní Àkànní lẹ́ẹ̀mẹta. Kò yẹ kí ó jẹ́ ọjọ́ wàhálà ni a ó kọ́kọ́ pe oríkì náà, nítorí àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ìyá àgbà tó ti kú nìkan ló máa ń fi oríkì pè wọ́n, tí gbígbọ́ rẹ̀ a sì tún dá ọgbẹ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kó sọ èdè tó bá wá sí i lẹ́nu. Ìṣòro wà nínú òfin "ẹ má sọ fanákúlà", ìyẹn èdè ìbílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa ń lò, nítorí ọmọ tó ti Ìdànrè tàbí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wá, tó ń sunkún, kò ní í rí Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ohun tó ń dùn ún. Nígbà tí igbe bá ń rọ̀, ẹ fún un ní ohun méjì tó lè yàn nínú wọn: "Ṣé abẹ́ igi máńgòrò ni ká jókòó sí ni, àbí yàrá ìkàwé?" Ẹni tó lè yàn ti ń padà sí ara rẹ̀.

Ẹ má ṣe dì í mú àfi bí ó bá fẹ́ ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe. Bí ó bá di dandan, ẹ má ṣe dá a dojú bolẹ̀, ẹ má sì ṣe tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tàbí láyà, nítorí èémí lè sé e. Ó sàn kí ẹ tètè kó réésà, kọ́ńpáàsì àti ìgò kúrò nítòsí.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ìbínú. Ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde lè máa ké nítorí ìrora egungun, ọmọ tó ní ikọ́ fée lè máa jà nítorí pé kò rí èémí fà, ebi sì lè mú ọmọ tó ti ń tajà láti ìdájí kí ó tó wá sí ilé-ìwé. Ti wárápá yàtọ̀: ẹ dá a sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, bí gìrì náà bá sì ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ilé ìwòsàn ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ènìyàn mẹ́wàá yí ọmọ ká máa fi ariwo gbàdúrà lé e lórí. A lè gbàdúrà fún un nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀.

Ẹ̀rù tó ti pẹ́ lára náà wà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn agbébọn kọlu ìjọ Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, ó kéré tán ènìyàn 40 ló kú, àwọn ọmọdé sì wà lára wọn. Ọmọ tó gbọ́ ìbọn ọjọ́ náà, tàbí tó pàdánù ẹbí rẹ̀, lè wà ní kíláàsì èyíkéyìí ní ìpínlẹ̀ yìí, tí ìró bángà tàbí ilẹ̀kùn tó gbá pàù yóò sì mú un wọ abẹ́ tábìlì. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú kíláàsì lọ́kàn rẹ̀. Ibi ìkọlù náà ni ọkàn rẹ̀ wà. Ẹ mú un padà díẹ̀díẹ̀: "Àkúrẹ́ la wà. Inú kíláàsì la wà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni òní. Fi ọwọ́ kan bẹ́ǹṣì yìí. Ka ohun márùn-ún tí o rí fún mi." Ẹ má ṣe ní kó sọ ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ náà.

Bí ọmọ bá sọ pé òun fẹ́ kú, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè náà kọ́ ni yóò fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ má sì ṣèlérí pé ẹ kò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ pe olùdámọ̀ràn ilé-ìwé àti òbí, àyàfi bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó ń pa á lára wà nínú ilé náà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti UNIMED, ìyẹn yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ti ìpínlẹ̀ Oǹdó, wà ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ kí wọ́n ti oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó àti oògùn apakòkòrò mọ́ inú àpótí, nítorí inú ọ̀pọ̀ ilé wa ni wọ́n máa ń wà láìní kọ́kọ́rọ́.

Lẹ́yìn tí ó bá rọlẹ̀, ẹ fún un lómi, kí ẹ jẹ́ kó sinmi kó tó padà sí kíláàsì. Yóò rẹ̀ ẹ́, ìtìjú yóò sì mú un. Ẹ má ṣe ní kó dìde tọrọ àforíjì níwájú gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ kan náà. Ohun tó bà jẹ́ ṣì wà níbẹ̀: ẹ jẹ́ kó bá yín gbé tábìlì náà dìde, kí ó sì bá káfíńtà tún un ṣe ní ọjọ́ mìíràn. Ẹ kọ àkókò, ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, àti ohun tó mú un rọ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì wá ẹni tí ẹ̀yin náà yóò bá sọ̀rọ̀, nítorí ara tiyín náà gbọ̀n.

Ọmọbìnrin JSS 2 yẹn kò wá sí ilé-ìwé fún ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ó sọ fún mi nígbà tó yá pé òun kò mọ ẹni tó máa dá òun lóhùn. Láti ìgbà náà, ní òwúrọ̀ kejì irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, mo máa ń tètè dé, mo máa ń dúró ní ẹnu géètì títí ọmọ náà á fi dé, mo sì máa ń pe orúkọ rẹ̀ kí ó tó kí mi.