Máìlì Kan Tí Kò Pé ní Àgbádárìgì

Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi sáré lórí ọ̀nà tí kò pé, ó sì ń dùn mí títí di òní. Mo ti pinnu láti sá máìlì kan kí ìṣẹ́jú 6 tó pé, létí ọ̀sà ní Marina, láti iwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ lọ sí ibi tí n óò ti yí padà. Mo fún ọlọ́kadà kan ní 1,500 náírà kí ó fi aago ọ̀kadà rẹ̀ wọn ìdajì ọ̀nà náà. Nígbà tí mo sá a ní ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú-àáyá 47, mo pariwo ayọ̀, mo sì pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: “Àbúrò, ta ló bá ọ wọn ọ̀nà náà?”

Máìlì kan jẹ́ mítà 1,609.34, nítorí náà ìdajì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 804.67. Mo háyà téèpù oní-mítà 50 lọ́wọ́ bíríkìlà kan ní 3,000 náírà, ó sì fi mí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó gbé e wá. Àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú nìkan ni ọ̀nà máa ń dá. A wọ̀n ọ́n tán kí n tó rí i pé ẹnu téèpù náà ti gé, pé mítà àkọ́kọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́, àti pé mítà 49 ni a ti ń kà sí 50. Ọ̀sẹ̀ kan tún lọ.

Nígbà tí a tún un wọ̀n, mítà 740 péré ni ìdajì náà. Aago ọ̀kadà kì í wọn ilẹ̀, iye ìgbà tí táyà yí ni ó ń kà. Táyà tí ọlọ́kadà náà pààrọ̀ sí iwájú kéré ju ti àtilẹ̀wá lọ, ó sì ń yí ju bí ó ti yẹ lọ. Bí mo bá sá eré kan náà dé òpin tòótọ́, 5:47 tí mo fi ń yangàn ìbá di 6:17.

Ìgbà náà ni mo tó mọ bí eré yìí ti ṣọ̀wọ́n tó. Kò sí ẹni tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó sá máìlì kí ìṣẹ́jú 4 tó pé títí Roger Bannister, sárésáré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi sá a ní 3:59.4 ní Oxford, ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1954. Hicham El Guerrouj, sárésáré ọmọ ilẹ̀ Mòrókò, sá a ní 3:43.13 ní Róòmù ní ọdún 1999, ìyẹn ni pé kò lo tó ìṣẹ́jú-àáyá 56 lórí mítà 400 kọ̀ọ̀kan. Èmi kò lè sá ẹyọ 400 kan ṣoṣo ní irú eré bẹ́ẹ̀.

Ìdánrawò tí mo ṣe lẹ́yìn náà kò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú ni pé kí ẹ wo ẹnu téèpù kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì fi ọ̀dà sàmì sí ilẹ̀ ní mítà 400 kọ̀ọ̀kan, nítorí àmì àkọ́kọ́ ni ó dá mi dúró kí n má baà ti ibẹ̀rẹ̀ ná gbogbo agbára mi. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo sá máìlì tí ó pé ní 5:56. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n di aago mú, wọ́n sì ti fi ọwọ́ ara wọn wọn ọ̀nà náà kí n tó sáré.