Bí a ṣe tún ọdún ìbí àwọn ọmọ wa kọ sórí fóònù wọn

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́jà, ọjọ́ Ẹtì ló sì máa ń wálé sí Kàbà. Kí àwọn ọmọ lè máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ ni a ṣe ra fóònù fún àkọ́bí wa obìnrin, ọmọ ọdún 14, tí a sì fi ògbólógbòó fóònù bàbá wọn fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 11. A kìlọ̀ fún wọn, a sì gbà pé ìkìlọ̀ náà tó, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi tọ́ àwa náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ọmọ mi obìnrin wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ilé ìdáná, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi." Ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí TikTok fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ó kọ́kọ́ yìn ín nítorí fídíò ijó tó gbé síbẹ̀, ó béèrè orúkọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó wá ní kí ó fún òun ní nọ́ńbà rẹ̀ kí àwọn lè máa sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, àti pé kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló já ọmọ náà láyà. Inú bí mi gidigidi, àmọ́ mo mọ̀ pé bí mo bá pariwo mọ́ ọn lálẹ́ ọjọ́ náà, kò ní sọ irú rẹ̀ fún mi mọ́. Mo fà á dìde, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sọ ọ́.

Ó fẹ́ pa gbogbo ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ṣùgbọ́n mo dá a dúró. A kọ́kọ́ ya àwòrán ojú fóònù, tí orúkọ ọkùnrin náà àti ọjọ́ tó kọ̀wé hàn nínú rẹ̀, a fi ẹjọ́ rẹ̀ sun TikTok, lẹ́yìn náà ni a tó dí i lọ́nà. Àwòrán wọ̀nyẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, nítorí òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára tí orílẹ̀-èdè wa ṣe ní ọdún 2015 ka ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ tan ọmọdé láti lè bá a lò pọ̀ sí ọ̀daràn, ọmọdé nínú òfin náà sì ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18.

Oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Mo kà á pé TikTok kì í jẹ́ kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 gba ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ rárá, àti pé àkáǹtì àwọn ọmọ ọdún 13 sí 15 máa ń wà ní títì fún àjèjì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibo wá ni ọkùnrin yìí gbà wọlé? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bi ọmọ mi ní ọdún ìbí tó kọ nígbà tó ń ṣí àkáǹtì náà. Ó ní 2001 ni, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún un pé àgbà ni wọ́n ń fún láyè. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọdún irọ́ yẹn ni ògiri fi lanu.

Ọkọ mi dé lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni gbogbo wa sì jókòó sí i. Mo jẹ́ kí ọmọbìnrin wa di fóònù rẹ̀ mú fúnra rẹ̀, èmi ń sọ, òun ń tẹ̀ ẹ́. Ó pa àkáǹtì àtijọ́ náà rẹ́, èyí tó máa ń gba 30 ọjọ́ kí ó tó parẹ́ pátápátá, ó sì ṣí òmíràn pẹ̀lú ọdún ìbí rẹ̀ gan-an. Èmi náà ní láti ṣí àkáǹtì tèmi kí a lè so méjèèjì pọ̀ ní ibi tí wọ́n ń pè ní Family Pairing, níbi tí òbí ti lè máa bójú tó àkáǹtì ọmọ rẹ̀. Wákàtí kan lójúmọ́ ni TikTok fúnra rẹ̀ yàn fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lórí WhatsApp, a yí ibi tí ó ti ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á wọ inú ẹgbẹ́ padà sí kìkì àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù rẹ̀.

Ti àbúrò rẹ̀ gba àkókò jù, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lágbára lọ́jọ́ náà. Àkáǹtì Google bàbá rẹ̀ ló ṣì wà lórí fóònù náà, ìyẹn ni pé ojú àgbàlagbà ni Google fi ń wo ọmọ ọdún 11. A nu fóònù náà mọ́, a sì ṣí àkáǹtì ọmọdé fún un láti orí Family Link, ápù Google tí òbí fi ń bójú tó fóònù ọmọ, tó wà lórí fóònù mi. Ní báyìí, bí ó bá fẹ́ gba ápù kan, èmi ni yóò kọ́kọ́ bi, láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ sì ni fóònù náà yóò ti tì títí di aago mẹ́fà àárọ̀. Ó sunkún díẹ̀. Bàbá rẹ̀ sọ fún un pé òun náà kò ní tẹ fóònù nídìí oúnjẹ mọ́, ìyẹn ló tù ú nínú.

Ìgbà tí a ń ṣe èyí ni ọmọbìnrin mi rọra sọ pé, "Mọ́mì, àwòrán mi tí ẹ̀yin gbé sórí Facebook ńkọ́?" Òótọ́ ló sọ. Ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo gbé e síbẹ̀ nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́, tí báàjì rẹ̀ hàn kedere, tí mo sì kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Ó dùn mí wọra. Mo yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú mẹ́rin mìíràn, mo sì bẹ̀ ẹ́.

Ohun kan kù tí n kò rí kà níbì kankan. Nígbà tí iná ọba bá lọ fún ọjọ́ mélòó kan, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣáàjì fóònù ni àwọn ọmọ máa ń gbé tiwọn lọ, yóò sì wà lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Títí di ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ló lè ṣí fóònù méjèèjì. A fi nọ́ńbà àṣírí sí wọn, a sì gbà pé kí wọ́n pa á pátápátá kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí ọmọbìnrin mi gbé fóònù rẹ̀ wá. Nọ́ńbà àjèjì kan ti fi líǹkì ẹ̀bùn dátà ránṣẹ́ sí i. Kò tíì tẹ̀ ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kúnlẹ̀, kò sì ní kí n má bínú. Ó kàn ní, "Mọ́mì, ẹ wo èyí," ó sì jókòó tì mí.