Gnocchi àti elégédé nínú páànù kan ṣoṣo

Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń se é. Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ máa ń dá mi dúró jù. Kí n tó wọlé, aago 7 ti lù, ẹsẹ̀ á máa ro mí, àwọn ọmọ mi méjèèjì á máa ṣí fíríìjì, wọ́n á tún máa tì í. Kí ó tó di aago 8, gbogbo wa á ti jókòó ti abọ́ wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ní Róòmù náà, Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ gnocchi. “Giovedì gnocchi” ni wọ́n máa ń wí níbẹ̀, ìyẹn “Ọjọ́bọ̀, gnocchi”. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo gbọ́ ọ.

Ẹni tí kò bá tíì jẹ ẹ́ rí, nyọ́kì ni kí ẹ pè é, ẹ má pe g iwájú yẹn rárá. Oúnjẹ àwọn ará Ítálì ni: pòtétò sísè tí wọ́n gún, tí wọ́n po fúláwà mọ́, nígbà míì tí wọ́n fi ẹyin sí i, tí wọ́n wá gé sí kéékèèké bí orí àtàǹpàkò. Èyí tó wà nínú ọ̀rá ní ṣọ́ọ̀bù ni mò ń sọ o. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ pò ó, ó dáa púpọ̀, àmọ́ iṣẹ́ ọ̀sán Sátidé nìyẹn, kì í ṣe ti alẹ́ tó ti rẹ èèyàn.

Bí ẹ kò bá mú nǹkan míì nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ mú èyí: ẹ má bọ gnocchi inú ọ̀rá. Ẹ dín in.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ sára ọ̀rá ni pé kí ẹ dà á sínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 2 sí 3, kí ẹ yọ ọ́ bó bá ti léfòó. Kì í ṣe irọ́, á jinná. Ṣùgbọ́n á rọ̀, elégédé náà á rọ̀, gbogbo rẹ̀ á wá di rírọ̀ lórí rírọ̀, eyín kò ní rí nǹkan kan bá fà á. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo bọ̀ ọ́, ìpè kan wọlé sórí fóònù mi, mo sì fi í sórí iná tó ìṣẹ́jú 10. Omi funfun tó ki ni mo padà wá bá nínú ìkòkò, pẹ̀lú ègé díẹ̀díẹ̀ tó ti ń wó. Pòtétò àti fúláwà ló jẹ́, bí omi bá ti pẹ́ lára rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ṣe ló máa tú. Inú páànù gbígbóná kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ara rẹ̀ á gbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ á pọ́n, á le díẹ̀, inú rẹ̀ á ṣì rí múlọ́múlọ́. Púpọ̀ nínú àwọn inú ọ̀rá yìí ni wọ́n ti sè kí wọ́n tó dì wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi nílò omi mọ́.

Ó ku elégédé. Oríṣiríṣi ló wà, èyí tí wọ́n ń pè ní butternut ni mo fẹ́ràn jù, ọlọ́rùn gígùn onídìí roboto. Ẹ yan èyí tó wúwo lọ́wọ́, tí èèpo rẹ̀ kò dán, tí kò sí ibi kankan tó rọ̀ lára rẹ̀. Tí èèpo bá ń dán, ó lè jẹ́ pé wọ́n já a kó tó gbó, adùn rẹ̀ kò tíì dé. Ọrùn rẹ̀ nìkan ni mo máa ń lò lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, torí kò ní hóró, kò ní jánganjàngan inú, gbogbo rẹ̀ ló ṣeé jẹ.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o, ẹ fi òróró díẹ̀ ra ọwọ́. Bí ọ̀bẹ bá ti kọjá lára butternut, ẹ wo ojú ibẹ̀ dáadáa: omi kan á máa yọ wínníwínní bí òógùn níwájú orí. Tó bá gbẹ sí yín lọ́wọ́, awọ á fà pinpin bíi pé gọ́ọ̀mù ni ẹ fi pa á, ọṣẹ kì í sì í tètè ṣí i. Awọ ẹlòmíràn tilẹ̀ máa ń bó. Òróró yẹn ló ń gbà mí.

Ẹ gé ọrùn náà kúrò lára ìdí, ẹ gé orí àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó lè dúró dáadáa lórí pákó, kí ẹ wá máa bó o láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ẹ rí i pé àwọn ìlà aláwọ̀ ewé tó wà lábẹ́ èèpo kúrò pẹ̀lú, wọ́n le lẹ́nu. Ẹ wá gé e wẹ́wẹ́ bíi ṣúgà onígun, kó má ju sẹ̀ǹtímítà 1.5 lọ. Ẹ má fojú kéré ìwọ̀n yìí. Bí ẹ bá gé e gàǹgà, ẹ ó dúró tì í títí ara yín á fi kọ̀ ọ́. Gíráàmù 600 tó fún èèyàn 4, pẹ̀lú ọ̀rá gnocchi kan tó jẹ́ gíráàmù 500.

Àwọn yòókù kò pọ̀: bọ́tà gíráàmù 60, òróró ólífì ṣíbí ńlá 2, ááyù ẹyọ 3 tí ẹ rẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ewé sage bíi 12, wàràkàṣì Parmesan gíráàmù 40 tí ẹ rin, ìlàjì lẹ́mọ́ọ̀nù, iyọ̀, ata dúdú, àti nutmeg bí ẹ bá ní. Ti ewé sage yìí, ewé olóòórùn dídùn kan tí wọ́n fi ń se oúnjẹ, ẹ bá mi wá a. Ní Mantova, ní àríwá Ítálì, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi bọ́tà àti sage bá elégédé rìn, àwọn mẹ́ta náà mọwọ́ ara wọn. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ lo thyme. Rosemary, ewé olóòórùn míì, náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n ẹ̀ka kékeré kan péré, agbára rẹ̀ pọ̀.

Páànù tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 ni kí ẹ gbé kaná, èyí tó ní ọmọrí. Ẹ da ṣíbí òróró kan sí i. Bó bá gbóná, ẹ tẹ́ elégédé sí i kí ìkan má gun èkejì, ẹ wọ́n iyọ̀ ìlàjì ṣíbí kékeré sí i, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 4 láìfọwọ́ kàn án. Ẹ yí i, ẹ bu omi ṣíbí ńlá 3 sí i, ẹ dé e. Tó bá tó ìṣẹ́jú 6, ẹnu ọ̀bẹ á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ ṣí i kí omi tó kù lè gbẹ, kí ẹ sì kó o kúrò. Ẹ bu ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́ kúnná. Èyí ló máa di ọbẹ̀. Ìdá méjì tó kù á wà bẹ́ẹ̀ kí ẹnu lè máa bá a pàdé.

Ẹ nu páànù yẹn, ẹ da ṣíbí òróró kejì sí i. Ẹ já ọ̀rá gnocchi, ẹ fọwọ́ tú àwọn tó bá lẹ̀ mọ́ra, kí ẹ sì tẹ́ wọn sínú páànù. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á máa pariwo ṣáà, omi ara rẹ̀ ló ń lọ yẹn. Ẹ má rò ó. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín, ẹ ṣáà fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3. Bí ariwo náà bá ti lọ sílẹ̀, tó wá ń ta pẹ́pẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ fi ṣíbí yí ẹyọ kan wò. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ti pọ́n bí èèpo búrẹ́dì, kò ní lẹ̀ mọ́ páànù mọ́, ó ti tó. Ẹ yí ìyókù, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 3 míì. Bí páànù yín bá kéré, ìgbà méjì ni kí ẹ dín in, torí bí wọ́n bá ti fún pọ̀, oru á sè wọ́n dípò kí wọ́n dín. Ẹ kó wọn sórí elégédé tó wà nílẹ̀.

Iná kò gbọdọ̀ pọ̀ fún ti bọ́tà. Ẹ jẹ́ kó yọ́, á ru fóòmù, á máa sọ̀rọ̀. Ẹ ju ewé sage sí i. Láàárín ìṣẹ́jú 2 sí 3 ohùn rẹ̀ á rọlẹ̀, ẹ ó rí àwọn hóró pupa kéékèèké nísàlẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì dà bí ẹ̀pà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan. Wàrà inú bọ́tà ló ń pọ́n yẹn. Ẹ má kúrò nídìí rẹ̀, torí láti pípọ́n dé jíjó, ìṣẹ́jú kan kò pé. Kíá, ẹ da ááyù sí i, ẹ rò ó bíi ìgbà mẹ́wàá, ẹ da elégédé tí ẹ tẹ̀ sí i pẹ̀lú omi gbígbóná ìlàjì ife. Á kọ́kọ́ já ara rẹ̀ sílẹ̀, bọ́tà lọ́tọ̀, omi lọ́tọ̀. Ẹ máa rò ó, á para pọ̀, á dán, á sì máa fà bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ lẹ́yìn ṣíbí.

Ẹ wá da gnocchi àti elégédé wẹ́wẹ́ tó kù padà, ẹ rò ó kan ọbẹ̀, kí ẹ gbé e kúrò lórí iná kí Parmesan tó wọ̀ ọ́. Bí iná bá ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, wàràkàṣì náà á dì pọ̀ bí okùn. Ẹ fún lẹ́mọ́ọ̀nù sí i, díẹ̀ ni, kó kàn gé adùn elégédé. Ẹ lọ ata dúdú sí i, ẹ rin nutmeg sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ tọ́ iyọ̀ wò nísinsìnyí, kì í ṣe ṣáájú, nítorí wàràkàṣì ní iyọ̀ tirẹ̀.

Gnocchi tó bá dì gbagidi nínú fìrísà kì í bá ọ̀nà yìí lọ tààrà. Ẹ dà á sínú omi tó ń hó títí á fi léfòó, ẹ sẹ́ omi rẹ̀ dáadáa, kí ẹ tó dín in. Èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín pò náà ń fẹ́ omi bẹ́ẹ̀. Ẹni tí àlìkámà kò bá bá lára mu, kó ka ara ọ̀rá kó tó rà á, àlìkámà ló sábà máa ń wà nínú fúláwà rẹ̀. Ẹni tí kì í jẹ ẹran pàápàá, kó mọ̀ pé wọ́n máa ń lo nǹkan kan láti inú ikùn ọmọ màlúù fi ṣe Parmesan, kó wá oríṣi míì.

Ẹ jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó le yẹn kì í dúró ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ nínú ọbẹ̀. Ìdí elégédé tó kù, ẹ má tíì bó o. Ẹ fi ṣíbí ha hóró inú rẹ̀ kúrò, ẹ fi ọ̀rá wé ojú ibi tí ẹ gé, kí ẹ gbé e sí fíríìjì. Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń rántí tèmi, yóò sì ṣì dára.