Bí Mo Ṣe Kọ Orin Rọ́ọ̀kì Wa Àkọ́kọ́ ní Yorùbá

Ó pẹ́ tí ẹgbẹ́ olórin wa ti ń ta gìtá rọ́ọ̀kì ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ ọ́. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ fún wa pé rọ́ọ̀kì kì í ṣe tiwa, bẹ́ẹ̀ Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu, tí orúkọ ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ BLO, ti ń ta á l'Ékòó láti ọdún 1972. Nígbà tí ẹni tó ń ta gìtá báàsì fún wa kó lọ sí Kánádà, mo fẹ́ fi orin sọ bí ìrìn àjò rẹ̀ ṣe rí lára mi, mo sì rí i pé èdè tí èmi àti òun fi ń jiyàn lórí owó epo jẹnẹrétọ̀ nìkan ló lè gbé ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ epo yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà epo kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ fò kọjá 480 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Owó tí à ń dá jọ láti fi san yàrá ìdánrawò di owó epo, onílé sì ń béèrè tirẹ̀. Onílù wa á ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, á bá wa nínú òkùnkùn, a ó sì máa ta gìtá tí kò lo iná. Ìyà ni, ṣùgbọ́n mo gbà pé àìsí iná yẹn ló tún orin náà ṣe, nítorí pé nígbà tí kò sí ariwo ẹ̀rọ, gbogbo wa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu mi ketekete.

Gìtá ni ó máa ń ṣáájú nínú iṣẹ́ wa tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ á wá tẹ̀ lé e. Yorùbá kò gba ìyẹn. Ẹni tó bá ti kọ orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀, tí wọ́n sì gbé lé ohùn tí òyìnbó ti kọ sílẹ̀, mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dàrú mọ́ni lẹ́nu. Nítorí èyí ni àwọn bí Ekundayo Phillips, tó ń tẹ dùrù ní Cathedral Church of Christ l'Ékòó, àti Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, tó gba orin sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922, fi ṣiṣẹ́ lórí orin tí ohùn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ mu.

Nítorí náà, mo kọ́kọ́ sọ gbólóhùn àkọ́kọ́ sínú fóònù mi bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀: "Mo wo ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú." Lẹ́yìn náà ni mo fi ìfé sú u: re re, do do, mi mi, re do, re mi. Lórí gìtá, nínú E minor, ìyẹn ìtò ohùn orin tí E jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, mo fi G ṣe re, E ṣe do, B ṣe mi. Síbẹ̀, "ṣú" ń dún bí ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn. Nígbà tí mo tún gbọ́ ohùn inú fóònù, mo kíyè sí i pé bí gbólóhùn ṣe ń gùn ni ohùn wa ń rọlẹ̀, tó fi jẹ́ pé mi tó kẹ́yìn kì í ga tó èyí tó ṣáájú. Mo gbé "ṣú" sọ̀kalẹ̀ sí A, ọ̀rọ̀ náà sì jókòó.

Ègbè rẹ̀ kò fún wa ní wàhálà. Ibi tí a ti jiyàn ni ariwo gìtá, nítorí bí iná bá dé tí a sì tẹ pẹ́dà tó ń mú ohùn ha, gbogbo ọ̀rọ̀ ni ó ń rì. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé gìtá kejì yóò máa ta ohùn ìpìlẹ̀ àti ìkarùn-ún nìkan, kí ohùn ìkẹta tó wà láàárín wọn, tó máa ń dàrú lábẹ́ pẹ́dà bẹ́ẹ̀, wà fún ẹnu mi láti kọ. Onílù náà gbà láti dákẹ́ síbi "ọ̀nà", bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi tayọ̀tayọ̀ gbà.

Ẹni tó wà ní Kánádà gba báàsì tirẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, ó sì bẹ̀ wá pé kí a jẹ́ kí E tó wà lábẹ́ "ọ̀nà" pẹ́ sí i. A ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìparí orin, gìtá nìkan ló ń tún gbólóhùn náà sọ láìsí ọ̀rọ̀, bí dùndún ṣe ń ṣe, nígbà tí a sì kọ́kọ́ ta á níwájú èrò, àwọn tó wà lẹ́yìn ń fi ọ̀rọ̀ sí i fún wa.