Ẹ má tíì pa á

Bí ẹ bá tan àwo jáàsì àtijọ́, tó ń ta ṣàà-ṣàà bí epo àkàrà, ẹ má tíì pa á. Èmi pa á nígbà kan, ọdún méjì gbáko ni mo fi pàdánù.

Ọdún tí wọ́n gbà á sílẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ṣáájú 1925, ilé iṣẹ́ àwo kì í sábà lo makirofóònù. Iwájú ìwo ńlá kan ni gbogbo ẹgbẹ́ máa ń kóra jọ sí, ohùn wọn gan-an ló ń ti abẹ́rẹ́ tó ń fín orin sára ìda. Bí ẹ bá wá gbọ́ àwo tí King Oliver, olórí ẹgbẹ́ jáàsì kan, ṣe ní Richmond, ìpínlẹ̀ Indiana, lọ́dún 1923, tí ìlù ò dún ketekete, ẹ má sọ pé onílù wọn ò mọṣẹ́. Ìlù ńlá lè mú abẹ́rẹ́ yẹ̀. Pákó ni Baby Dodds, onílù wọn, ń lù, kó-kó-kó. Louis Armstrong, ọmọ ọdún 21, lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, torí fèrè rẹ̀ ń bo ti Oliver, ọ̀gá rẹ̀, mọ́lẹ̀. (Ojú irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà. Bí rélùwéè bá ń kọjá, iṣẹ́ dúró nìyẹn.)

Ẹ wá ẹ̀dà méjì àwo kan náà. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà fọ̀ ọ́ débi pé clarinet (fèrè onígi) ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ kúbùsù. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń fọn fèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì fi tirẹ̀ ránṣẹ́, tariwo-tariwo, ni mo tó mọ̀ pé kọ̀nẹ́ẹ̀tì (fèrè idẹ kékeré) méjì ló wà níbẹ̀!

Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò pẹ́, bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ojú kan àwo ìgbà yẹn ń gbà. Ẹ tẹ̀lé kọ̀nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ̀lé clarinet, kí ẹ wá tẹ̀lé trombone (fèrè idẹ gígùn) nísàlẹ̀. Ṣé wọ́n ń dá ara wọn lóhùn, àbí kálukú ń pariwo tirẹ̀? Nínú “Dippermouth Blues”, Oliver dí ẹnu fèrè, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé, fèrè ń ké wáà-wáà bí ọmọ tébi ń pa, àwọn yòókù sì rọra ń gbè é lẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni mo máa ń dá padà.

Pé àwo ti pẹ́ nìkan ò tó láti mú un dùn o. Original Dixieland Jass Band ló kọ́kọ́ gbé àwo jáàsì jáde, lọ́dún 1917: fèrè ń ké bí ẹṣin, òmíràn ń kọ bí àkùkọ. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, mo rẹ́rìn-ín, mi ò tún wá a mọ́.