Ìbéèrè àti ìdáhùn: Kí ló dé tí walleye kì í jẹ ìwọ̀ wa ní Adágún Erie nígbà ìrúwé?

Láti ìparí oṣù kẹta títí wọ oṣù karùn-ún, ìpè kì í wọ́n lórí fóònù mi. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Toledo, Cleveland, Columbus àti Detroit ni: ẹja walleye pọ̀ nínú Adágún Erie ní Amẹ́ríkà níbí, gbogbo ayé ló ń pa á, tiwọn nìkan ni kò jẹ ìwọ̀. Mo ti kó ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù jọ síbí. Ìhà ìwọ̀-oòrùn adágún náà ni mò ń sọ, láti ẹnu odò Maumee dé Port Clinton àti àwọn erékùṣù tó wà níwájú rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi gbé ọkọ̀ lọ sórí àpáta abẹ́ omi tí wọ́n ń pè ní Niagara Reef ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin. Jig onírun, ìyẹn ìwọ̀ tí wọ́n da òjé sí lórí tí wọ́n sì so irun mọ́, la lò, òun náà ni àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lò. Àwọn ń fa ẹja sókè léraléra, tiwa ò tiẹ̀ mì. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ìwọ̀ yín lè jẹ́ ọ̀kan náà, kí ọwọ́ má jẹ́ ọ̀kan náà. Lásìkò yẹn omi ṣì tutù nini, ara ẹja wúwo, kì í lé oúnjẹ kiri. Ohun tó bá bọ́ síwájú ẹnu rẹ̀ gan-an ló máa gbé. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló máa ń gbọn ọ̀pá bí ẹni tó ń lé eṣinṣin, jig á wá máa fò lókè lọ́hùn-ún, ẹja sì wà nísàlẹ̀.

Ṣe é báyìí. Jẹ́ kí jig rì títí okùn yóò fi dẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó kan àpáta. Gbé orí ọ̀pá sókè díẹ̀, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, kí o sì jẹ́ kó padà sọ̀kalẹ̀. Bó ti ń sọ̀kalẹ̀, máa fi orí ọ̀pá tẹ̀ lé e, kí okùn má baà dẹ̀ pátápátá, torí ìgbà tó ń já bọ̀ ni walleye máa ń gbé e. Má retí pé yóò já okùn mọ́ ọ lọ́wọ́. Ohun tí wàá kàn mọ̀ ni pé nígbà tí o tún fẹ́ gbé ọ̀pá, ó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fà á lójú ẹsẹ̀, má rò ó. Bó bá ń gbé e tó tún ń já bọ́, so ìwọ̀ kékeré kejì mọ́ ìdí jig náà.

Ẹ tún wo bí ọkọ̀ yín ṣe ń lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ń gbé e sáré, kò sí bí jig ṣe máa dúró nísàlẹ̀. Ẹ ju àpò aṣọ ńlá tó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn sínú omi. Níbi tí omi ti jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 15, jig áúnsì 5/8 ti tó. Bí afẹ́fẹ́ bá le, ẹ gbé e dé 3/4. Ní ti àwọ̀, àlùkò dára lórí àwọn àpáta yìí, àwọ̀ ewé tó ń tàn yòò sì dára nígbà tí omi bá dàrú, ṣùgbọ́n àwọ̀ kankan ò lè gba ọwọ́ tó yá jù sílẹ̀.

Ìbéèrè: Àbúrò, akọ kéékèèké nìkan ni mò ń rí lórí àpáta. Àwọn abo ńlá dà?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Akọ á tètè dé, á sì dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Abo á wá lóru, á yé ẹyin sórí òkúta, á bá tirẹ̀ lọ. Ẹ fi kàlẹ́ńdà sílẹ̀, ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná omi. Tó bá wà láàárín 42 sí 50 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, ẹyin yíyé ń lọ lọ́wọ́. Kó tó dé bẹ́ẹ̀, ẹ wá àwọn abo sínú omi tó jìn díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, kí ẹ fi ọkọ̀ wọ́ ìdẹ onígi tàbí oníke tó jọ ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn yín, kí eré ọkọ̀ má ju máìlì kan sí kan ààbọ̀ ní wákàtí kan. Bó bá di oṣù karùn-ún, wọ́n á ti túká, ebi á sì ń pa wọ́n. Ekòló lẹ́yìn irin pẹlẹbẹ tó ń yí ló kù.

Bí abo tí ikùn rẹ̀ kún fún ẹyin bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo máa ń dá a padà. Òfin ò fi dandan mú mi. Ní 1970, wọ́n dá pípa walleye fún títà dúró ní Adágún Erie nítorí mẹ́kúrì tó ti wọnú ẹja. Pé ẹja yìí tún pọ̀ tó báyìí lónìí, ohun tó wú mi lórí gidigidi ni.

Ìbéèrè: Lẹ́yìn ìjì, omi di ẹrẹ̀. Ṣé walleye kì í ríran nínú òkùnkùn ni?

Ìdáhùn: Ó ń ríran. Nǹkan kan wà lẹ́yìn ojú rẹ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, òun ló jẹ́ kí ojú rẹ̀ máa kọ mànà. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kékeré ló ń lò, kì í ríran gba inú ẹrẹ̀ tó ki. Omi ìhà yìí ò jìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ẹsẹ̀ bàtà 24 lọ tí a bá pín in dọ́gba, ìjì sì ń tètè rú u sókè. Má pa ẹja láàárín ẹrẹ̀. Wá ibi tí omi ẹrẹ̀ ti pàdé omi tó mọ́ díẹ̀, kí o máa tẹ̀ lé etí rẹ̀. Nǹkan mìíràn: bí afẹ́fẹ́ líle bá fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó máa ń ti omi lọ sí ìhà Buffalo ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn adágún, omi á fà lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ sì lè gúnlẹ̀ síbi tó máa ń gbà kọjá tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Mi ò ní ọkọ̀. Odò Maumee ni mo wọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ìgbafẹ́ Side Cut. Òjé mi ń há sáàárín òkúta ṣáá, ẹja kan ṣoṣo tí mo fà, ẹ̀yìn ni ìwọ̀ ti kọ́ ọ. Ṣé mo lè gbé e lọ sílé?

Ìdáhùn: Rárá, dá a padà. Ẹja tí ìwọ̀ ò kọ́ nínú ẹnu kì í ṣe tìẹ. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta dé ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún, ojúmọmọ nìkan ni wọ́n gbà ká pẹja níbẹ̀, ìwọ̀ ẹlẹ́nu kan sì ni. Òjé rẹ ló wúwo jù. Bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì áúnsì. Fi okùn bí ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ẹ̀yìn òjé, kí jig olórí fífúyẹ́ tó ń léfòó àti ìdẹ rọ́bà onírù wà ní ìparí rẹ̀. Òjé á máa kan òkúta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí omi ti ń gbé e lọ, ìdẹ á sì léfòó díẹ̀ lókè wọn. Bó bá dúró lójú kan, dín òjé kù. Bí kò bá kan nǹkan kan, fi kún un.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ká kúrò lórí àpáta torí àwọn ológun ń yìnbọn. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Ìbọn Camp Perry, ibùdó ológun tó wà létí adágún, ń dé orí díẹ̀ nínú àwọn àpáta yẹn. Ẹ wádìí ọjọ́ tí wọ́n ń yìnbọn kí ẹ tó gbéra. Ẹ sì wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń múni léfòó, kì í ṣe kí ẹ fi jókòó. Omi tó tutù báyẹn lè gba agbára ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lọ́wọ́ òmùwẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹja náà fọ́ yángá sínú ọbẹ̀ ata mi.

Ìdáhùn: Ẹran rẹ̀ funfun, kò lọ́ràá, kò lè fara da sísè bí ẹja àrọ̀. Dín in gbẹ díẹ̀ ná, jẹ́ kí ata jinná tán, kí o tó sọ ọ́ sí i, má sì ro ó mọ́. Láti inú ọkọ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: gé ìjàgbọ̀n rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, kí o tẹ́ ẹ sínú yìnyín lójú ẹsẹ̀. Mẹ́fà ni Ohio gbà fún ẹnì kan lójúmọ́, kò sì gbọ́dọ̀ kéré sí íǹṣì 15; ẹni tó bá ti pé ọdún 16 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Ẹ máa yẹ ìwé òfin wò lọ́dọọdún, torí wọ́n máa ń yí i padà.